Ọjọ́ Tí Móódẹ̀mù Ọlátẹ́jú Yadi

Ní ayé ìgbà tí fóònù ṣì ń jókòó sórí tábìlì ní pálọ̀, tí kò tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni, ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Ìrókò tó ń jẹ́ Ọlátẹ́jú. Ó sọ yàrá iwájú ní ilé bàbá rẹ̀, ní agbo-ilé Aláró, di ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ méjì tí a tò síra lọ. Móódẹ̀mù ni wọ́n ń pe àpótí yìí. Wáyà fóònù wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wáyà mìíràn sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà tẹ ìlà láago, tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn láti Òkè-Ìrókò dé ibi tí ojú ò tó. Bí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á kọ́kọ́ han gooro, á kùn, á tún ta bí adìẹ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Èmi gan-an ti sá wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́jọ́ kan, mo rò pé wọ́n ń pa nǹkan níbẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ariwo ọ̀hún wá dùn mọ́ wa létí. Bí a bá ti gbọ́ ọ, a ó ní, "Ọlátẹ́jú ti wọ òkè òkun lọ nìyẹn o!"

Ọlátẹ́jú kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o, ọkùnrin yìí fẹ́ràn nǹkan tuntun ju oúnjẹ lọ! Bí irú bàtà kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ la ó ti kọ́kọ́ rí i. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé sídì kan tó ra ní Ìbàdàn jáde. Ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí gbogbo àwọn oníkọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó gbé tuntun yìí gorí ti àtijọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi parí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà lajú padà, àwọ̀ mèremère ni gbogbo rẹ̀. Ọlátẹ́jú bọ́ sójú títì, ó ń pe àwọn tó ń kọjá.

"Ẹ yà síbí! Ẹ wá wo ohun tó dé sílùú yín! Ẹ̀rọ tí ẹ mọ̀ lánàá kọ́ nìyí o!"

Àwa náà wọlé, a wò ó, a mirí, a ní ó dára. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí dán móódẹ̀mù wò.

Aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Fadérera sáré wọlé, tí ìyá rẹ̀ sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí agbada gàrí ni ìyá náà ti dìde, òógùn ṣì ń dà lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọmọ yìí jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni Fadérera fẹ́ dà láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò yege, ó sì tún ti ṣe ẹ̀kẹta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, òun ṣì ń gbé ìwé kiri, ìyá rẹ̀ sì ń bá a fara dà á.

"Bọ̀dá Tẹ́jú! Bọ̀dá Tẹ́jú! Wọ́n mú mi!"

Ọlátẹ́jú fò dìde. "Wọ́n mú ọ? Àwọn ta? Kí lo ṣe fún wọn?"

"Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, sà! Wọ́n mú mi! Ọ̀rẹ́ mi tó wà lọ́hùn-ún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá láago, ó rí orúkọ mi!"

Ariwo sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọlátẹ́jú di mọ́ ìyá náà, ó ń pe orí ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyá já ara rẹ̀ gbà. "Ọlátẹ́jú ọmọ mi, má tíì jó. Wọ́n ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ó ti sọ fún wọn pé òun ń bọ̀. Agogo mẹ́rin òní ni wọ́n á ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá tíì sọ ọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún. Mo bẹ̀ ọ́, bá wa ṣe é."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," Ọlátẹ́jú dáhùn, ó na ìka sórí kíbọ́ọ̀dù. "Ẹ tiẹ̀ bá tuntun pàdé. Kí ẹ tó jókòó, ó ti parí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa ń retí igbe tí a mọ̀. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ móódẹ̀mù lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú gbangba pé òun ò rí móódẹ̀mù kankan.

"O ò rí i kẹ̀?" Ọlátẹ́jú gbá àpótí náà léjìká. "Kí ló wà níwájú mi yìí, ọṣẹ?"

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà. Ó tú wáyà ẹ̀yìn, ó fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì kì í bọ̀ ọ́ padà. Èsì kan náà. Ó ní bóyá ìlà fóònù ló kú, ó sáré lọ gbé fóònù bàbá rẹ̀ sétí ní pálọ̀, ìlà ń kùn dáadáa. Ó ní bóyá iná ni, iná pupa kékeré iwájú móódẹ̀mù sì ń wò ó rẹ́kẹ́. Ó wá sídì tí wọ́n tà mọ́ móódẹ̀mù fún un, ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kò sí wàhálà, òun ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí òun mọ̀. Ó tún tẹ ìlà láago, kọ̀ǹpútà kan náà ní kò sí móódẹ̀mù. Ó pa á, ó tàn án. Àṣedànù ni.

Ọ̀rọ̀ wá ń le. Òógùn bo Ọlátẹ́jú, ojú tó ń dán láàárọ̀ sì ti rọ. Àwọn tó wá wo nǹkan tuntun kò lọ mọ́, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa. Ẹnìkan láàárín wọn ní, "Ọlátẹ́jú, ṣé èyí náà ni ẹ̀rọ tí a ò mọ̀ lánàá?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fadérera ò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Dá ti àtijọ́ padà!" ìyá rẹ̀ ké. "Ti àná ń ṣiṣẹ́! Kí la fẹ́ fi aláràbarà yìí ṣe?"

"Ìyá, tuntun ti gbé ti àtijọ́ mì. Kí n tó dá a padà, ilẹ̀ á ti ṣú."

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó sàn kí ìyá ọmọ bú èèyàn ju kó wo èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ. Inú Ọlátẹ́jú bàjẹ́, ó sì wá kó ìbínú náà lé móódẹ̀mù lórí. Ó já a gbà lára wáyà, ó gbé e sókè réré.

"Àpótí aláìmoore! Lónìí lo rí ọjọ́ tí o fẹ́ yadi!"

Ìyá Fadérera fò mọ́ ọn lọ́wọ́. "Má fọ́ ọ! Bí o bá fọ́ ọ, kí la ó tún máa bẹ̀?"

Ó gbé e kalẹ̀, ó sì so wáyà rẹ̀ padà. Aago méjì ààbọ̀ ti lù. Ìgbà náà ni Ọlátẹ́jú rántí pé ilé íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní Òṣogbo. Bí ọ̀kadà bá fi eré sí i, wákàtí kan á gbé e débẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Mùdàṣírù, ní ọ̀kadà, kò sì sí ẹni tó lè sá ju Mùdàṣírù lọ lójú ọ̀nà yẹn.

"Ìyá, ẹ bá mi pe Mùdàṣírù nínú ilé, ẹ ní kó máa bọ̀ wéré!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá náà fi gba ẹnu ọ̀nà kejì wọ àárín ọgbà. Ìbídùnní ló bá níbẹ̀, ìyàwó tí Ọlátẹ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, oṣù kan ò tíì pé. Ó ń fọ àwo. Bó ṣe rí àgbà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, ìyàwó wa. Jọ̀ọ́, Mùdàṣírù dà? Pè é fún mi kíákíá!"

Ìbídùnní wò ó pàkò. "Ta ni, mà?"

"Mùdàṣírù! Ṣé ó wà nílé àbí kò sí?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa, mà."

Ìyá Fadérera ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń sáré padà, ó sì ń ké bọ̀. "Yéè! Mùdàṣírù ò sí nílé! Orí mi, má sùn! Ọmọ mi ti pàdánù àyè rẹ̀ o!"

Fadérera bú sẹ́kún. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú mi ò gbà á, mo yí ẹ̀yìn padà. Bí mo ṣe yí ẹ̀yìn padà ni mo rí ọkùnrin kan tó ti inú ilé jáde bọ̀, òkèlè ẹ̀bà lọ́wọ́, ọbẹ̀ ń kán sí i láyà.

"Ta ló ń fi orúkọ mi sunkún?" Mùdàṣírù ni!

Ìyá Fadérera gbá àyà mú. "Ìwọ! Wọ́n ní o ò sí nílé!"

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà láti ìgbà tí mo ti dé láti oko, tí mò ń jẹun. Ìyàwó yìí náà ló bu oúnjẹ fún mi."

Ìbídùnní ti tẹ̀ lé e jáde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ dákun mà! Ṣé Eyínfúnjowó lẹ ń wá? Èmi ò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń jẹ́ Mù..." Ó yára pa ẹnu dé kí orúkọ náà má baà bọ́ jáde tán, ó sì kúnlẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó tuntun kì í pe ará ilé ọkọ ní orúkọ tí wọ́n bí wọn mọ́. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, bó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wo kálukú lójú, tó máa sọ wọ́n lórúkọ tó bá wọn mu. Eyín Mùdàṣírù funfun báláú, ló bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ ọ̀hún dùn mọ́ ará ilé lẹ́nu débi pé gbogbo wọn bá a gbà á, kò sì sí ẹni tó tún pe Mùdàṣírù létí ìyàwó láti ọjọ́ náà. Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún lójoojúmọ́ ló ní kò sí nílé wọn yẹn.

Ẹ̀rín pa wá. A rẹ́rìn-ín láàárín ìbànújẹ́, Fadérera pàápàá nu imú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọlátẹ́jú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bọ́ síta bá wa, ó dúró gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló ké tòò.

"Orúkọ! Orúkọ ni! Háà, èmi Ọlátẹ́jú! Mo gbé ìyàwó tuntun wọ inú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí, ó sì ti sọ móódẹ̀mù lórúkọ! Orúkọ àtijọ́ ni mo fi ń wá a kiri láti ọ̀sán!"

Ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síta. Mùdàṣírù ní tirẹ̀ ti nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ti fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kadà, ó ń dún.

"Gun ẹ̀yìn mi ká lọ!" ó ké sí Fadérera. "Bí a bá pẹ́ sí i, a ò ní bá a mọ́!"

Ọ̀rọ̀ ńlá rèé. Bí ọmọ yìí bá lọ, ó lè dé Òṣogbo kí agogo mẹ́rin tó lù, ó sì lè má dé e. Bí ó bá dúró, tí Ọlátẹ́jú sì tún kùnà, kò sí ọ̀kadà tó lè gbà á mọ́. Ìyá rẹ̀ dì í lápá, ó ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ò mọ èyí tó ń ṣe. Fadérera wo ọ̀kadà. Ó wo Ọlátẹ́jú tó ti tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màámi, mo máa dúró," ó wí. "Ohun tí Bọ̀dá Tẹ́jú sọ yé mi."

Mùdàṣírù pa ọ̀kadà.

Ọlátẹ́jú ṣí ibi tí ètò tuntun ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ nílé sí. Kíbọ́ọ̀dù rèé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rèé. Móódẹ̀mù náà rèé, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí! Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láyé ètò àtijọ́, Kọ́ọ̀mù Kejì ni orúkọ móódẹ̀mù. Tuntun dé, kò bi ẹnikẹ́ni, ó sọ ọ́ di Kọ́ọ̀mù Karùn-ún. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìlà láago ò gbọ́ sí i, Kọ́ọ̀mù Kejì ló ṣì ń bèèrè, èsì tó sì ń gbà ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Karùn-ún!" Ọlátẹ́jú kígbe. Ó yí orúkọ náà padà síbi tó yẹ, ó ní kí kọ̀ǹpútà pe móódẹ̀mù wò. Iná iwájú àpótí náà ṣẹ́jú, ó dáhùn. Ó tẹ ìlà láago.

Igbe ta! Ó han, ó kùn, ó ta bí adìẹ! Àwa náà han. Mo rí àgbàlagbà tó ń fò sókè. Ìyá Fadérera gbá Ìbídùnní mọ́ra, ó ń jó yí i ká, ìyàwó ò sì mọ ohun tí òun ṣe tí wọ́n fi ń jó fún òun.

Ibi tí a ti ń jó ni igbe ti já gọ́ọ́. Kọ̀ǹpútà ní ìlà ti gé. Láti pálọ̀ ni a ti gbọ́ ohùn Bàbá Ọlátẹ́jú: "Àlòó? Àlòó? Ta ló ń hu bí ẹran létí mi yìí?"

"Bàbá ti gbé fóònù!" Ọlátẹ́jú ké. "Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e, ìlà á gé!"

Ìyá Fadérera ti débẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sípò, ó sì jókòó tì í. "Bàbá, ẹ má bínú. Bí ọba bá tẹ̀ yín láago lónìí, ẹ jẹ́ kó pe ọ̀la."

Bí Ọlátẹ́jú ṣe tún tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹlòmíràn ti gba ìlà ibi tó ń tẹ̀ láago. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́ta lù, ó kọjá. Mùdàṣírù ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà tí kò wúlò mọ́. Nígbà tó ṣe, ó wọlé! Ṣùgbọ́n ojú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń fà á láti inú kànga. Orí rẹ̀ yọ, a dúró. Àyà rẹ̀ yọ, a tún dúró. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń dáhùn yọ. Fadérera kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì di ojú.

"Là á," Ọlátẹ́jú wí fún un. "La ojú rẹ kí o kà á."

Ó là á. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kí i káàbọ̀, wọ́n ní àyè rẹ̀ ti di tirẹ̀. Ọmọ náà kà á sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò kúrò nídìí fóònù nítorí ẹ̀rù ṣì ń bà á, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń ké, "Ó ti wọlé? Ṣé ó ti wọlé? Ẹ dá mi lóhùn!" Nígbà tí a sọ fún un pé ó ti wọlé, ó fi gèlè bojú, ó sunkún bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tó ń nàka sí ìyàwó Ọlátẹ́jú. "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa, mà!" Bẹ́ẹ̀ ló ń sín ìyàwó jẹ, tí gbogbo ilé sì ń fi ẹ̀rín gbà á.

Ọlátẹ́jú fẹ́ bẹ ìyá náà pé kó forí ji òun. Kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó dìde nídìí fóònù, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó rò pé eré lásán ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé e lọ sílé, àwọn tí kò sí níbẹ̀ gbà á lẹ́nu wọn, ó sì ti di ohun tí àgbà fi ń dá ẹni tó bá yára ní nǹkan ò sí dúró ní Òkè-Ìrókò títí dòní, pé bí ìyàwó tuntun bá ní lágbájá ò sí nílé, orúkọ tó sọ ọ́ ni ká kọ́kọ́ bèèrè.